Ogún Tó Fara Pamọ́: Ìtàn Ìwádìí Àfín ní Èkó àti láàrin Ẹranko

Ìfáàrà

Bí obìnrin aláwọ̀ dúdú bá bí ọmọ àfín fún ọkọ aláwọ̀ dúdú, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé ni pé: ibo ni àwọ̀ yìí ti wá? Ìbéèrè náà kì í sábà dúró lásán. Ìyá ọmọ ni ó máa ń bá wí jù. Wọ́n á ní bóyá ó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí ó wà nínú oyún, bóyá ó ṣẹ̀ sí èèwọ̀ kan, tàbí bóyá ọmọ náà kì í tilẹ̀ ṣe ti ọkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí tọ ìtàn bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Ìtàn ọ̀hún gba ara eku, ẹja àti ìnàkí kọjá. Ó sì gba inú àwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó kọjá pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ka àwọn ọmọ àfín nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1952. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìdáhùn náà, bí a bá tẹ̀ lé e dé òpin, yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ìyá. Ogún ni àfín. Bàbá àti ìyá ni ó jọ fi ogún náà lé ọmọ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì kì í sì í sábà mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni òrìṣà àti èèwọ̀ iyọ̀

Ìdáhùn tí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá fún ìbéèrè yìí kò dá ìyá lẹ́bi. Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn. Ìtàn kan tí ó gbajúmọ̀ sọ pé ó mu ẹmu lọ́jọ́ kan, ọtí pa á, àwọn tí ó mọ lọ́jọ́ náà sì jáde pẹ̀lú ìyàtọ̀ lára. Ìdí nìyí tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn olùsìn rẹ̀, tí a sì fi ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà. Nínú ìtàn yìí, ọwọ́ ẹni tí ó mọ ọ́n ni ìyàtọ̀ náà ti wá, kì í ṣe ọwọ́ obìnrin tí ó gbé oyún. Àfín sì ní alábòó: ẹni tí ó bá fi àfín ṣẹ̀sín, Ọbàtálá ni ó fi ṣẹ̀sín.

Bí ẹni òrìṣà ṣe ní alábòó náà ni ó ní èèwọ̀. Oúnjẹ Ọbàtálá kì í ní iyọ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá sì gbà pé àfín kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Àwọn méjèèjì bára mu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ pé orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe di Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì, òrìṣà kúrò nílé, èèwọ̀ kò bá a lọ. Ó wá di ìmọ̀ràn ìlera: wọ́n ní iyọ̀ ni ó ń sọ ojú ara àfín di egbò. Kì í ṣe iyọ̀, oòrùn ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìdáhùn méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ọmọ tí a fi iyọ̀ dù, tí a sì rán jáde lọ́sàn-án láìdé fìlà, ohun tí kò lè pa á lára ni a dáàbò bò ó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a ya àfín sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mìíràn tí ó funfun. Lékèélékèé funfun, àwọn ọmọdé a sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Ṣùgbọ́n funfun ni bàbá àti ìyá lékèélékèé, bí a ti dá irú rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà, adìẹ náà kì í sì í ṣe àfín. Bákan náà ni àgbò funfun tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà ní Mushin nígbà Iléyá: ẹni tí ó bá wo ẹyinjú rẹ̀ yóò rí i pé ó dúdú. Irun rẹ̀ nìkan ni ó funfun. Ní ti àfín, ohun tí ó ń mú nǹkan dúdú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní mẹ́lánìn, ṣọ̀wọ́n nínú irun, nínú awọ ara àti nínú ẹyinjú lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ni ìmọ́lẹ̀ fi máa ń yọ àfín lẹ́nu, tí ojú rẹ̀ kì í sì í ríran jìnnà.

Eku funfun

Ní ọdún 1866 ni Gregor Mendel tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ewéko jáde, ṣùgbọ́n ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ tó padà kà á sí. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá ìlànà tí ó rí lára ewéko bá ẹranko mu. Àwọ̀ ara eku ni wọ́n fi dáhùn rẹ̀. Ní 1902, Lucien Cuénot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kó àwọn eku aláwọ̀ eérú, irú èyí tí ó wà nínú igbó àti nínú ilé, pọ̀ mọ́ àwọn eku àfín. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ni ó ní àwọ̀ eérú. Nígbà tí ó kó àwọn ọmọ wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ara wọn, àfín tún yọjú: nínú bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ àfín. Ní 1903, William Castle àti Glover Allen ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bákan náà ni ó rí lára ehoro àti àwọn ẹranko kékeré mìíràn.

Ìtumọ̀ èyí kò le. Ọ̀pọ̀ ẹranko, àti ènìyàn pẹ̀lú, ni ó ní ẹ̀dà méjì nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àbùdá wọn: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tí èkejì sì pé, èyí tí ó pé tó láti ṣe iṣẹ́ náà, ara yóò sì dúdú bí ara ẹlòmíràn. Ẹni náà ru àbùdá àfín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ojú rí i. Ìgbà tí ẹni méjì tí ó rù ú bá pàdé ni ọmọ lè gba ẹ̀dà tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ìdá kan nínú mẹ́rin sì ni ìṣeéṣe rẹ̀ nínú oyún kọ̀ọ̀kan.

Ní 1915, J. B. S. Haldane, A. D. Sprunt àti Naomi Haldane tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí eku. Wọ́n rí i pé àbùdá méjì tí ó lè mú àwọ̀ eku ṣí máa ń bá ara wọn rìn láti ìran dé ìran. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ó ń sọ eku di àfín pátápátá. Èkejì ni èyí tí ó ń mú ẹyinjú eku pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó sì ń mú kí irun rẹ̀ ṣá. Lẹ́tà p ni a fi mọ èkejì yìí. Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ nígbà náà pé lẹ́tà p yìí yóò kan àwọn ọmọ Èkó lọ́jọ́ iwájú.

Kó tó di pé ó kàn wọ́n, eku àfín ti ṣe iṣẹ́ mìíràn fún ìhà yìí nínú ayé. Ní 1925, àjọ Rockefeller Foundation dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sílẹ̀ ní Yaba. Ní 1930, Max Theiler fi hàn ní Amẹ́ríkà pé eku funfun lè dípò ọ̀bọ nínú ìwádìí àrùn náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi eku funfun dán ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò, láti mọ ibi tí àrùn náà ti jà. Àwọn ẹranko tí ìbá ṣòro fún láti pẹ́ láyé nínú igbó nítorí àwọ̀ wọn wá di ohun èlò tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn là.

Kíka àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́

Ọdún 1952 ni N. A. Barnicot, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní University College London, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àfín ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà jáde. Lára ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni iye tí wọ́n kà nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ Èkó: nínú ọmọ 14,292, àfín jẹ́ 5. Èyí jẹ́ ẹyọ kan nínú bí ọmọ 2,858. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú 20,000 ni wọ́n máa ń dárúkọ fún ilẹ̀ Yúróòpù. Àfín ní Èkó pọ̀ ju ìyẹn lọ ní ọ̀nà púpọ̀.

Bí a bá fi ìlànà Mendel ṣírò iye yìí, ohun tí ó farahàn ju ọmọ márùn-ún lọ. Kí ẹyọ kan nínú 2,858 tó lè jẹ́ àfín, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ènìyàn 27 ni ó gbọ́dọ̀ ru àbùdá náà láìfarahàn. Nínú àwọn ọmọ 14,292 yẹn, èyí tó bí ọmọ 525. Ọmọ márùn-ún ni olùkọ́ lè fi ojú rí. Àwọn tí ó kù jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n dúdú bí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ru ogún kan náà.

Ìṣírò yìí tún dáhùn ìbéèrè kan tí ó ṣe pàtàkì nínú àṣà. Yorùbá kì í fẹ́ ìbátan, ìdílé kì í sì í fi ọmọ fún ọkọ láìṣe ìwádìí. Alárinà a máa bi léèrè bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé tí wọ́n fẹ́ bá ṣe àna. Kí ni ó fà á tí àfín fi ń wáyé síbẹ̀? Ìdí ni pé ogún náà ti tàn ká. Bí ẹnì kan nínú 27 bá rù ú, nínú nǹkan bí tọkọtaya 729, tọkọtaya kan ni àwọn méjèèjì rù ú láìsí pé wọ́n bá ara wọn tan rárá. Ohun tí ó fara pamọ́ báyìí kò sí nínú ohun tí alárinà lè rí, nítorí ó lè gba ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá láìyọjú.

A gbọ́dọ̀ ka iye náà pẹ̀lú ìṣọ́ra. Márùn-ún kéré, bí ẹyọ kan bá lé tàbí dín, ìdá náà yóò yí padà. Àwọn ọmọ tí ó wà nílé ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n kà, ọmọ àfín tí òbí rẹ̀ fi pamọ́ sílé tàbí tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí ìwé kà kò sí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé àfín pọ̀ ju bí wọ́n ṣe kà á lọ. Ibi tí ìwádìí náà ti jáde pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Annals of Eugenics ni orúkọ ìwé àtìgbàdégbà náà. Karl Pearson dá a sílẹ̀ ní 1925 fún ìmọ̀ tí ó fẹ́ máa ṣàyàn ẹni tí ó yẹ kí ó bímọ àti ẹni tí kò yẹ. Lionel Penrose, olóòtú rẹ̀ láti 1945, kò fara mọ́ èrò yẹn, ní 1954 sì ni orúkọ náà yí padà sí Annals of Human Genetics. Àwọn ọmọ Èkó wọ inú ìwé náà ní bí ọdún méjì ṣáájú kí ó tó bọ́ orúkọ àtijọ́ sílẹ̀. Ìṣírò tí ó wà lókè yìí fi hàn bí èrò àkọ́kọ́ náà ṣe jẹ́ òfìfo tó: ẹni tí ó bá ní kí àfín má bímọ, kí ni yóò sọ fún ẹnì kan nínú 27 tí ó ru nǹkan náà láìmọ̀?

Àbùdá kan lára eku, ẹja àti ènìyàn

Ní ọdún 1952 kan náà, P. D. Trevor-Roper, dókítà ojú ní Ìlú Ọba, kọ nípa ọkọ àti aya tí àwọn méjèèjì jẹ́ àfín, ṣùgbọ́n tí ọmọ wọn kì í ṣe àfín. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé àbùdá kan ṣoṣo ni ó ń fa àfín. Ó fi hàn pé ọ̀nà àfín ju ẹyọ kan lọ: ibi tí ti bàbá ti bàjẹ́, ti ìyá pé níbẹ̀, ọmọ sì rí ẹ̀dà tí ó pé gbà ní ibi méjèèjì. Nàìjíríà náà kópa nínú ìmọ̀ yìí. Ní 1980, R. A. King, A. N. Okoro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àlàyé irú àfín kan tí wọn kò tíì yà sọ́tọ̀ rí, tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ Nàìjíríà: awọ ara àti irun rẹ̀ kò funfun, ó ní àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jẹ́ ojú àfín.

Ní 1993 ni lẹ́tà p ti àwọn Haldane padà wá. Eugene Rinchik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àbùdá tí ó ń mú ẹyinjú eku pupa náà gan-an ni ó bàjẹ́ lára àwọn ènìyàn tí wọ́n ní irú àfín tí ó wọ́pọ̀ jù ní Áfíríkà. OCA2 ni wọ́n ń pè é báyìí. Ní 1994, àwọn onímọ̀ rí bí ìbàjẹ́ náà ṣe rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn: nǹkan bí lẹ́tà 2,700 ni ó já kúrò nínú àbùdá náà. Wọ́n rí ìjákù kan náà lára àwọn àfín ní Tanzania, Zimbabwe àti Gúúsù Áfíríkà, àti lára àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Bí ìjákù kan bá rí bákan náà ní ibi tí ó jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ohun tí ìyá kan ṣe nígbà oyún. Ọwọ́ baba ńlá tàbí ìyá ńlá kan láyé àtijọ́ ni ó ti wá, ó sì tẹ̀ lé àwọn ọmọ wọn lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá lọ, títí kan oko ẹrú.

Àwọn ẹranko inú igbó jẹ́rìí sí i. Ní 2006, Meredith Protas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò àwọn ẹja àfín tí ń gbé nínú omi inú ihò àpáta ní Mexico, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Nínú ihò àpáta méjì tí ó jìnnà síra, OCA2 ni ó bàjẹ́, ìbàjẹ́ ti ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì. Nínú òkùnkùn, àìsí dúdú kò pa ẹja lára, nítorí náà ni gbogbo irú rẹ̀ fi di àfín.

Nítòsí ilẹ̀ Nàìjíríà, ìnàkí kan fi ìyókù ìtàn náà hàn. Ní 1966, wọ́n mú ọmọ ìnàkí funfun kan nínú igbó Río Muni, tí ó ti di apá kan orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìyá rẹ̀. Nfumu Ngui ni wọ́n pè é ní èdè Fang. Ní ọgbà ẹranko ìlú Barcelona, ibi tí wọ́n gbé e lọ, ó di gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Ó bímọ 22, kò sí àfín nínú wọn: ìyá wọn fún wọn ní ẹ̀dà tí ó pé. Ó kú ní 2003 nípa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. Ní 2013, wọ́n ka gbogbo àbùdá rẹ̀. SLC45A2, àbùdá mìíràn yàtọ̀ sí OCA2, ni ó bàjẹ́, àmì sì wà pé òbí rẹ̀ jẹ́ ìbátan ara wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá tàbí ti ìyá rẹ̀. Níbi tí ogún náà ti ṣọ̀wọ́n, ìbátan ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí ó tó yọjú. Ní Èkó tí ó ti tàn ká, àjèjì méjì lè fẹ́ ara wọn kí ó sì yọjú.

Oòrùn àti pátákó ìkọ̀wé

Nínú igbó, àfín kì í sábà pẹ́. Ẹranko tí ń pa ẹran jẹ rí i láti òkèèrè, ojú rẹ̀ kò sì ríran tó láti sá. Ọmọ ènìyàn kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí òun ní ìyá tí ó lè wọ aṣọ alápá gígùn fún un, ó sì ní olùkọ́ tí ó lè pè é wá síwájú. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ààbò yìí kò sí wà nínú ìwádìí tí Okoro ṣe ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tí ó tẹ̀ jáde ní 1975. Nínú bí àfín 1,000 tí ó yẹ̀ wò, kò sí ẹyọ kan tí ó ti lé ní ogún ọdún tí awọ ara rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ tàbí àwọn egbò tí ó ń ṣáájú rẹ̀.

Ní ìhà Mainland Èkó, àkókò tí Barnicot ka àwọn ọmọ náà sún mọ́ àkókò ìyípadà ńlá. Ní 1955, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Mushin wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́; Èkó tẹ̀ lé e ní 1957. Àwọn ọmọ àfín tí ìbá jókòó sílé wá rí ara wọn níwájú pátákó ìkọ̀wé tí wọn kò rí dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì pè ní olódo. Ní 1955 kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Nínú agboolé, ìyá àgbà kan lè rántí pé àbúrò bàbá bàbá ọkọ jẹ́ àfín. Nínú yàrá méjì ní Sùúrùlérè, ẹni tí ó lè rántí bẹ́ẹ̀ lè má sí nítòsí. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, pé bí ìlú ṣe ń tú agboolé ká ni ìrántí tí ìbá gba ìyá sílẹ̀ náà ń tú ká, tí ọmọ àfín fi wá ń dà bí ẹni tí ó ti ibi tí a kò mọ̀ wá.

Ìmọ̀ tí ó dípò ìrántí yẹn ti wà ní àdúgbò kan náà láti 1962, nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní Akọka, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà. Ní 2012, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ àfín. Láti 2015 ni gbogbo ayé ti ń ṣe ìrántí ọjọ́ àfín ní 13 June. Síbẹ̀ iyọ̀ ṣì jẹ́ èèwọ̀ nínú àwọn ilé kan, àwọn ọmọdé ṣì ń pariwo òyìnbó lé àfín lórí ní títì, ìyá ṣì ń gba ẹ̀sùn.

Àgbálọgbábọ̀

Láti ara eku Cuénot ní 1902 dé ara àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Èkó ní 1952, àti láti ibẹ̀ dé ihò àpáta Mexico, ohun kan náà ni ìwádìí ń sọ: àfín kì í ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ogún ni. Ogún ní ẹni tí ó fi sílẹ̀, ó sì ní ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó jẹ ogún kì í jẹ̀bi ohun tí ó bá nínú rẹ̀. Nígbà tí ìdílé ọkọ bá béèrè ibi tí àwọ̀ ọmọ ti wá, ìdáhùn tí ó bá òótọ́ mu ni pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti wá, ọ̀dọ̀ ìdílé ìyàwó náà ni ó sì ti wá. Lẹ́yìn ìdáhùn náà, ohun tí ó kù fún àwọn méjèèjì láti jọ ṣe ni fìlà, aṣọ alápá gígùn àti àyè kan níwájú kíláàsì.